Táyé Ti Gbẹ, Kẹ́hìndé Ṣì Kún

Aago mẹ́rin àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo jáde nílé mi ní Ìbàdàn, tí mo gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́jọ, Bàbá Dàmọ́lá, ẹ tún ń lọ tún bàálù ṣe nínú igbó." Mo ní kì í ṣe igbó, Ìbàràpá ni. Ó ní ibi yòówù kó jẹ́, kí n ṣáà má wọ inú rẹ̀. Mo búra fún un pé n kò ní wọ̀ ọ́. Ìbúra yẹn kò nira fún mi rárá, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún bàálù ṣe ní Èkó, n kò sì fi ìdí kan èyí tó kéré ju bọ́ọ̀sì lọ rí. Mo mọ ohun tó wà nínú wọn jù.

Ìpè Bàbá Ìbejì ló gbé mi dìde. Awakọ̀ bàálù ni Bàbá Ìbejì kí òun náà tó fẹ̀yìn tì, ibi iṣẹ́ la ti mọra. Ọmọ Ìgbó-Ọrà ni, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ìbejì obìnrin ni ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bí fún un. Ó wá ra bàálù kékeré kan, ẹlẹ́ni méjì, tó ti wà láyé kí á tó bí èmi àti òun, ó sì ń gbé e sí pápá gbọọrọ kan tí àwọn olóko ńlá kan fi sílẹ̀ láàrin Èrúwà àti Ìgbó-Ọrà. Táǹkì epo kan wà ní apá òsì bàálù náà, ọ̀kan sì wà ní apá ọ̀tún. Ó sọ ti òsì ní Táyé, ó sọ ti ọ̀tún ní Kẹ́hìndé, bí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó yẹ kí táǹkì méjèèjì máa gbẹ pọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mu wọ́n. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì, Táyé nìkan ló ń gbẹ, Kẹ́hìndé á kún dẹ́múdẹ́mú. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò mi yìí, Táyé gbẹ táútáú lókè ọjà Lanlate. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, Bàbá Ìbejì sì bà sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ara rẹ̀ kò bó. Màmá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, gbọ́, kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan ní Ìgbó-Ọrà tó ń yọ́ irin fífúyẹ́ rọ ìkòkò, ó ní kó wá gé bàálù náà kó lọ ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni mo ń rìn yìí. Bí n kò bá rí àrùn bàálù náà kí aago mẹ́rin tó lù, ìkòkò ọbẹ̀ ni yóò dà.

Ní gáréèjì Ológunẹ́rù, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Èrúwà, wọ́n sì fi mí sí iwájú pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé àkùkọ lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní ìkọjá Ìdó. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, òkè ló yí ojú mi ká láti kékeré, nítorí náà ó máa ń ṣe mí bákan bí ilẹ̀ bá tẹ́ lọ báyìí láìsí ohun tó dá a dúró. A kọjá afárá Odò Ògùn, àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ara mi wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe láfún ni wọ́n sá kún orí àpáta wọ̀nyẹn, ó funfun báláú. Ibi tí kò sí àpáta, etí títì ni wọ́n sá a sí, dírẹ́bà wa sì ń yà fún un bí ẹni ń yà fún ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ àlébù mi kan níbí, nítorí yóò wúlò níwájú. N kì í lè rí Yorùbá tí a kọ láìfi àmì sí i kí n dákẹ́. Ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo máa ń fi bírò pupa fi àmì sí i kí ìwàásù tó parí. Lójú ọ̀nà Èrúwà yìí, mo rí pátákó kan tí wọ́n kọ "ATUNSE OKO" sí. N kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀, tàbí oko, tàbí ọkọ. Bó bá jẹ́ ti ìkẹyìn ni, oníbàárà wọn á pọ̀. Mo sọ ọ́ fún alákùkọ, ó ní òun kò mọ̀wé.

Ọlọ́kadà kan ló gbé mi láti Èrúwà. Mo ní pápá bàálù ni mò ń lọ.

Ó ní, "Ti Táyé-Kẹ́hìndé? Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Táyé ń gbẹ ṣáájú."

"Ohun tí mo wá wò nìyẹn."

"Kí wá ni wàhálà ibẹ̀, Bàbá? Ṣebí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó máa lọ. Àbí ẹ fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n máa sáré?"

Mo ní epo pẹtiróòlù kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Ó mi orí, ó ní àwọn tí kì í ṣe ará ibí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Kẹ́hìndé lòun fúnra òun, òun kì í sì í kánjú. Òótọ́ ló sọ. Obìnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere yà wá sílẹ̀ kí á tó dé pápá.

Bàbá Ìbejì sáré pàdé mi, ó dì mọ́ mi. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Mo bi í kí ló ṣe é lọ́rùn, ó ní oṣù méjì lòun ti ń fi gbogbo ara fa bàálù sí òsì, nítorí Kẹ́hìndé tó kún ń wọ́ apá ọ̀tún sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi oríkèé ìka kan apá bàálù, tó ń tẹ́tí sí i, tó tún ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Múfú nìyẹn, ọkùnrin oníkòkò. Aago mẹ́rin ni wọ́n dá fún un, aago méje àárọ̀ ló dé.

Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ má jẹ́ n dí yín lọ́wọ́, Bàbá. Ẹ máa tún un ṣe. Mo kàn ń wò ó ni. Apá kan yìí á yọ ìkòkò mẹ́rin pẹ̀lú ọmọrí."

Bàbá Ìbejì ní, "Múfú, gbé ọwọ́ kúrò lára ọmọ mi."

Mo wo bàálù náà yíká. Ọ̀dà funfun, ilà àwọ̀ òféèfé, àgbà ọkọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú. Lórí ọmọrí táǹkì kọ̀ọ̀kan, átíìsì kan láti Ìgbó-Ọrà ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà: TÁYÉ, KẸ́HÌNDÉ. Àmì òkè pé, àmì ìsàlẹ̀ pé. Inú mi dùn. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé bí gbogbo pátákó Ìbàràpá bá rí báyìí, ayé á gún.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ gbé abọ́ omi sórí ìjókòó rẹ̀, bóyá bàálù náà ló tẹ̀ sí apá kan tí epo fi ń ṣàn gba ibẹ̀. Omi náà tẹ́ gedegbe. Mo ṣí ọmọrí táǹkì méjèèjì kí n lè máa fi igi wọn epo inú wọn, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kan sábẹ́ Táyé, mo gbé ọ̀kan sábẹ́ Kẹ́hìndé, mo sì ṣí ẹnu páìpù wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Táyé ti ń dà ni Kẹ́hìndé ń dà, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì kún pọ̀. Mo da epo padà, mo tún un ṣe. Bákan náà ni.

Múfú ní, "Wọ́n mọ̀ pé àlejò wà nílẹ̀."

Mo tú páìpù, mo fẹnu fẹ́ ẹ, kò sí ìdọ̀tí. Mo tú fílítà, ó mọ́ ju abọ́ oúnjẹ mi lọ. Aago ti di méjìlá, oòrùn ti ń kan mí láti òkè, n kò sì tíì rí nǹkan kan. Mo ní kí a tan ẹ́ńjìnnì. A fi okùn so ìrù bàálù mọ́ igi, a fi òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dé ọmọrí méjèèjì pinpin, Bàbá Ìbejì sì tan án. Ó ké fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó pa á, mo gun àkàbà. Mo ṣí Táyé, epo inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ní ìka mẹ́ta. Mo ṣí Kẹ́hìndé, ọmọrí rẹ̀ ṣe "fììì" lọ́wọ́ mi. Epo inú rẹ̀ kò dín ní ìdajì ìka.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ti lè mọ̀ ọ́n báyìí. Èmi, pẹ̀lú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé afẹ́fẹ́ pápá ló fẹ́ "fììì." Mo sọ̀kalẹ̀, mo jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, ojú tì mí. Bí mo bá ṣí i sílẹ̀, ó ń ṣe dáadáa. Bí a bá tan án, ó ń ṣe agídí. Bàbá Ìbejì lọ dúró ti imú bàálù rẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ibi tí kò dọ̀tí.

Màmá Ìbejì ló pè wá pé ká wá jẹun nínú ahéré tó wà létí pápá. Láfún gbígbóná àti ọbẹ̀ ìlasa ló gbé kalẹ̀ fún mi. Ewé ilá ni ìlasa, àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń sọ pé òun ló ń jẹ́ kí wọ́n bí ìbejì. Mo ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, kí ó rọra bù ú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Mi ò kórìíra bàálù yẹn. Bí ó bá ti ń bọ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, màá ti mọ̀ pé ó yá kí n gbé omi kaná. Lọ́jọ́ Lanlate yẹn, mo ń gbọ́ ọ, ni mi ò bá gbọ́ ọ mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ́ láyé mi. Kó kúkú di ìkòkò."

Òótọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ láfún mi tán, ó sì po tíì fún mi, nítorí ó rántí pé n kì í jẹun ọ̀sán kí n má mu ún. Ó mú agolo mílíìkì, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ lu ihò kan sí i lórí, ó dojú rẹ̀ kọ kọ́ọ̀bù. Mílíìkì kán tó, ó kán tó, ó dúró. Ó gbọn agolo náà, kò dáhùn. Ó pòṣé, ó gbé e kalẹ̀, ó lu ihò kejì sí òdìkejì. Mílíìkì dà ṣọ̀rọ̀.

Mo dìde. Kọ́ọ̀bù tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀, n kò mọ̀.

Mo ní, "Kò rí mí!"

Màmá Ìbejì ní, "Ta ni kò rí yín?"

"Kẹ́hìndé! Kò rí èémí mí! Kò sí ihò kejì!"

Mo sáré débi bàálù, gbogbo wọn tẹ̀lé mi, Múfú pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Lórí ọmọrí irú àwọn táǹkì ayé àtijọ́ yẹn, ihò kékeré kan gbọ́dọ̀ wà tí afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé bí epo bá ti ń jáde. Bí kò bá sí i, epo kò ní lè sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi mílíìkì inú agolo yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo fi kẹ́ẹ̀gì dán wọn wò, èmi fúnra mi ni mo ṣí ọmọrí wọn, tí mo la ẹnu wọn fún afẹ́fẹ́! Mo wo ọmọrí Táyé, ihò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ṣófo. Mo wo ti Kẹ́hìndé, n kò rí ihò. Mo fi àtàǹpàkò pa á yíká. Lábẹ́ Ẹ, níbi tí àmì ìsàlẹ̀ wà, ọ̀dà náà nípọn ju ti ibi yòókù lọ. Mo gba igi ìgbálẹ̀ kan, mo gún un. Ó wọlé.

A tan ẹ́ńjìnnì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn. Mo gun àkàbà. Táyé, ìka mẹ́ta. Kẹ́hìndé, ìka mẹ́ta. Bàbá Ìbejì bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn rẹ̀ ṣì tẹ̀ sí òsì. Lẹ́yìn náà ni inú wá bí i. Ó ní ta ni ọ̀dájú tó fi ọ̀dà dí ọmọ òun nímú? Ó pe átíìsì lórí fóònù, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí gbogbo wa lè gbọ́.

Átíìsì ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ má bínú sí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, mi ò fi àmì kankan sí i. Ẹ̀yin lẹ pè mí padà, ẹ ní ẹnì kan ní Ìbàdàn ń bínú. Mo wá rí i pé ihò kan ti wà lábẹ́ E níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní Ọlọ́run ti bá mi yan ojú ibẹ̀. Mo kàn fi ọ̀dà dí i ni."

Màmá Ìbejì gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ń fi ìka fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ sókè, ó ń wá nǹkan. N kò lè sá, nítorí orí àkàbà ni mo wà. Ó rí i, ó gbé ohùn sókè, ó kà á:

"'Àwòrán yín dé ọwọ́ mi, bàálù yín dára. Ṣùgbọ́n ta ni ń jẹ́ Kehinde? Àmì ìsàlẹ̀ dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fò láìní àmì.' Bàbá Dàmọ́lá ló fi ránṣẹ́."

Múfú jókòó sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Bàbá Ìbejì ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, nítorí oko ẹ̀gẹ́ Lanlate ló wá sí mi lọ́kàn, àti ìyàwó tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń retí ohùn.

Bàbá Ìbejì ní kí a pa gbogbo àmì rẹ́ kúrò lára ọmọrí náà. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè gbà. Mo rẹ aṣọ sínú epo, mo nu ọ̀dà inú ihò náà mọ́ tónítóní, mo ní kí wọ́n wá wò ó. Ihò kékeré roboto, dúdú, lábẹ́ Ẹ gan-an. Mo ní, "Àmì ìsàlẹ̀ rèé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́."

Màmá Ìbejì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Aago mẹ́rin ku díẹ̀. Ó yíjú sí Múfú, ó ní kó máa lọ sílé. Múfú ká téèpù rẹ̀, ó ní ó dìgbà tí a bá tún kọ nǹkan mìíràn sí i lára. Obìnrin náà wá yíjú sí èmi.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fi àmì sí i. Ẹ̀yin lẹ máa bá a fò lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, màá gbà pé ó ti san."

Mo rántí ìbúra tí mo bú fún ìyàwó mi. Mo wo Bàbá Ìbejì, tó ti ń nu ìjókòó kejì fún mi. Mo wọ̀ ọ́.

N kò lè ṣàlàyé gbígbéra wa, nítorí mo di ojú. Nígbà tí mo là á, Èrúwà ti wà lábẹ́ wa, láfún funfun tí wọ́n sá sórí àpáta sì dà bí ìgbà tí èlùbọ́ dà sílẹ̀ nínú ilé ìdáná. Bàbá Ìbejì ń kọrin. Kò fa bàálù sí ibì kankan mọ́, ó jókòó ṣánṣán. Èmi kò gbójú kúrò lára gééjì epo méjèèjì. Bí ọwọ́ Táyé bá sọ̀ kalẹ̀ ṣín-ún, ti Kẹ́hìndé á sọ̀ kalẹ̀ ṣín-ún. Ọ̀nà tí mo fi wákàtí méjì ààbọ̀ rìn láàárọ̀ pẹ̀lú àkùkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ogún ìṣẹ́jú la fi parí rẹ̀. Ó já mi sílẹ̀ ní pápá bàálù Ìbàdàn, ó sì yí padà kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyàwó mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, bóyá kò tilẹ̀ wọlé láti àárọ̀. Ó wo òógùn ọrùn mi. Ó ní, "Ẹ wọ̀ ọ́." Mo ní mo wọ̀ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi kan pamọ́. Ó ní ohun tí òun ti ń sọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra nìyẹn, pé bí mo bá ń tún ti ẹlòmíràn ṣe, kí n máa wo ibi tí mò ń fi ọwọ́ sí. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ ìrìn àjò náà nìyẹn, òun ló sì sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ.

Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ni fóònù mi dún. Màmá Ìbejì ló kọ̀wé sí mi. Mo fi awò ojú mi sí i, mo kà á:

"Mo gbo ohun re titi o fi bale. E se o."

Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì yé mi.